Sí Àkànní, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ lójú òkun

Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì ń gbàdúrà pé kí òkun dákẹ́ rọ́rọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á sétí bàbá rẹ, a sì jọ rò ó. O ní kí n bá ọ bẹ àwọn àgbà abúlé apẹja wa, pé o kò ní lè bá wọn lọ́wọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ sí ìjọba nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà. O ní ọ̀rọ̀ ìlú ti di ẹlẹ́gbin, kò yẹ kí ọmọlẹ́yìn Kristi tọwọ́ bọ̀ ọ́. O tún ní Alhaji ni alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kọ ìwé náà, àti pé àwọn kan nínú wọn ṣì ń bọ Olókun. Mi ò bínú sí ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún ọ. Gbọ́ ohun tí mo ní í sọ ná.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ìwọ fúnra rẹ máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ onígbàgbọ́ fún àwọn àbúrò rẹ, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ni, wọ́n sì ń tà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó níbí, tí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan tí wọ́n ń pè ní Esperança Felix. Ìwọ tí o mọ bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe ń rí nígbà tí ìgbì bá ń gbé e sókè sódò, tí o sì ní ibùsùn àti fèrèsé, ro ti ọmọdé tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, tí kò tíì rí òkun rí láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú náà, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nígbà tó padà sí ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, tó sì dé Abẹ́òkúta, ó rí Àfàlá ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fipá yà wọ́n. Títí di òní, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí ní ilé ìwé, ibẹ̀ yẹn ni ohùn mi ti máa ń yí padà.

Ẹni tí Ọlọ́run yọ bẹ́ẹ̀ ì bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ní 1851 ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá Ọbabìnrin Victoria àti àwọn mínísítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú àti Èkó. Mi ò ní fi oyin sí apá ìtàn yìí fún ọ, nítorí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Kí ọdún yẹn tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú yìí, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí Ọba Dòsùnmú fi fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sínú ọ̀sà pẹ̀lú ìbọn ńlá rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò máa fún ọba ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún. Bàbá tó bí mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí, kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí Crowther sọ̀rọ̀ lòdì sí òwò tó gbé òun fúnra rẹ̀ tà, àmọ́ àwọn tó sọ ọ́ fún ní ohun tiwọn tí wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Wá wo ilé kan náà ní ìran kẹta. Ọdún 1864 tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù náà ni Abigail ọmọ rẹ̀ bí Herbert Macaulay, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ìlú òyìnbó, tó padà wálé wá di awọnlẹ̀. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àpápá yìí kan náà tí ọkọ̀ yín máa ń so mọ́. Amodu Tijani, tí í ṣe Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, béèrè owó ilẹ̀ náà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó sì sọ fún un pé kì í ṣe pé ilẹ̀ jẹ́ tiwọn ní kíkún, pé àṣẹ ìṣàkóso lásán ló ní lórí rẹ̀. Ó kọ̀. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá a lọ, ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ìyẹn Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó, dání. Ní 1921 ìgbìmọ̀ adájọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá a láre: pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀ fún wọn bí onílẹ̀ gan-an. Mùsùlùmí ni olóyè tó gbé ẹjọ́ lọ, ọmọ-ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ló sì gbé ìwé àti ọ̀pá tẹ̀lé e. Bí Macaulay bá ti sọ ohun tí ìwọ sọ nínú lẹ́tà rẹ, ta ni ì bá bá olóyè náà lọ?

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn kò sì parí síbẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e jáde pé Elékòó ni ọba tó ń jọba lórí mílíọ̀nù ènìyàn mẹ́tàdínlógún ní Nàìjíríà. Ìjọba Èkó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọba Èṣùgbàyí lọ́rùn, wọ́n ní kí ó kọ Macaulay sílẹ̀ ní gbangba, kò sì ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n kọ̀ láti máa kà á sí ọba mọ́. Ní 1925 wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ẹjọ́ tún gba òkun kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù kí ọba náà tó padà wálé ní 1931. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ; mo sì fi kún un fún ìwọ pé kí o má ṣe sọ ju ohun tí wọ́n rán ọ.

Ní ti Alhaji, ṣé o rántí mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a máa ń kọjá nígbà tí o wà ní kékeré? Wọ́n ṣí i ní 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá, ló kọ́ ọ, Shitta Bey tó náwó sí i sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní Sierra Leone. Ojú omi ló kó àwọn méjèèjì wá, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi pàdé lórí ilẹ̀. Ní ti àwọn tó ń bọ Olókun, bí wọ́n bá fẹ́ ta ohun mímu sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, jáde síta, kí o sì wọlé nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Bàbá rẹ àgbà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá a jà.

Ohun tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ gan-an kì í ṣe ìgbàgbọ́ rẹ, ìmọ̀ rẹ ni. O mọ̀ pé láyé àtijọ́ ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó, nítorí òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kékeré yóò fi máa kó èrò àti ẹrù, ìgbì sì ń dojú wọn dé. Nígbà tí ìjọba wá to òkúta wọnú òkun lọ́tùn-ún lósì láti ọdún 1900 ó lé díẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ṣí, ṣùgbọ́n yanrìn tí òkun ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí apá kan, òkun sì ń jẹ etí ilẹ̀ ní apá kejì, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ojú títì ní Bar Beach. Àwọn apẹja wa mọ̀ pé yanrìn tí a bá gbé níhìn-ín yóò dun ibòmíràn, àmọ́ wọn kò mọ bí a ṣe ń fi ìwé fi í hàn ìjọba. Ìwọ mọ bí a ṣe ń wọn jíjìn omi, o sì mọ bí a ṣe ń ka máàpù òkun.

Nítorí náà, kọ ọjọ́ tí wọ́n wọn omi, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, àti iye tó jẹ́. Bí ìyá kan bá sọ fún ọ pé àwọ̀n òun kò kó ẹja mọ́, kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, kí o má fi kún un. Má bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà, má sì fi sílẹ̀ fún oníròyìn kankan kí àwọn àgbà tó gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lédè tí wọ́n gbọ́. Alhaji ni kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, nítorí òun ló dàgbà jù.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, kọ́kọ́ yà sí abúlé kí o tó wálé, kí o sì mú ìwé tí o fi ń kọ jíjìn omi dání. Mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.