Ẹ̀sùn lórí fúláàṣì 512GB tí ẹ tà fún mi

Sí Alákòóso,

Ẹ kú ọjà o. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ra fúláàṣì tó wà nínú àpòòwé yìí. 512GB ni wọ́n kọ sí i lára, òun náà ni ọmọ iṣẹ́ yín kọ sí rìsíìtì. Àyè tó wà nínú rẹ̀ kò ju 32GB lọ.

Ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Agbowó. Mo fẹ́ fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà, mo wá kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi sórí fúláàṣì yìí. Ó gbà á wọlé láìjanpata. Orúkọ fáìlì pé pérépéré, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé ṣí. Bí kò bá sí ẹ̀dà kejì nínú hard disk mi àtijọ́, kí ni ǹ bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ń retí iṣẹ́ àṣekágbá?

Ọmọ iṣẹ́ yín ní fáírọ́ọ̀sì ni. Fáírọ́ọ̀sì kọ́. Mo fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán fúláàṣì wò, yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣe ni ètò náà máa ń kọ dátà kún fúláàṣì bámúbámú, á wá kà á padà bóyá ohun tó kọ ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó kọjá nǹkan bí 29GB, èyí tí Windows máa ń fi hàn fún fúláàṣì 32GB, òfo ló ń kà. Wọ́n ti yí ohun tó ń darí fúláàṣì náà padà kó lè máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà, bíi kọ́ńgò gàrí tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Mo mọ̀ pé ojúlówó 512GB pàápàá, nǹkan bí 476 ni Windows ń fi hàn. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bá yín fà.

Ọmọ iṣẹ́ yín tún bi mí bóyá mo rò pé owó tí mo san tó owó ojúlówó. Bó bá mọ̀ pé kò tó o, kí ló kọ 512GB sí rìsíìtì fún?

Àkọlé “a kì í gba ọjà padà” tí ẹ gbé kọ́ kò bo èyí mọ́lẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà. Owó mi ni mo fẹ́, gbogbo rẹ̀, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ẹjọ́ kàn. Ẹ yẹ ìyókù inú páálí tí ẹ ti mú èyí wò kí ẹ tó ta òmíràn, kí ẹ sì pe àwọn tó ti rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òmíràn látinú páálí yẹn rọ́pò owó mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Agbowó, Ìbàdàn