Ìlà tó gba orí oko bàbá yín

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kó o ráyè, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí tán lónìí. Wáyà iná ńlá tí mo sọ fún ọ níjọ́sí, oko bàbá yín wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ tó fẹ́ fa wáyà náà pè wá sípàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Máàpù ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà sórí rẹ̀, kò sí èkejì. Ó dùn mí gan-an. Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní Aarhus, ní Denmark, lọ́dún 1998, sọ pé kí wọ́n tètè pe ará ìlú, nígbà tí gbogbo ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀. Ibi yòówù kéèyàn wà, ohun tó tọ́ nìyẹn. Mo béèrè àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò, àti ìdí tí wọ́n fi pa wọ́n tì. Wọ́n ní àwọn á mú ìwé rẹ̀ wá.

Mi ò bá iná jà. Bí wọ́n bá sọ fólítì, ìyẹn agbára tó ń ti iná gba inú wáyà, di ìlọ́po méjì, tí iná tí wọ́n ń gbé kò yí padà, èyí tó ń ṣòfò nínú wáyà kan náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo 330,000 fólítì, àní 400,000. Èmi náà ti rò pé kí wọ́n kúkú rì í mọ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnjiníà wọn ṣàlàyé: lókè, afẹ́fẹ́ ló ń mú wáyà tutù, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná jò, nísàlẹ̀, owó ńlá ni wọ́n ó fi wá ìyẹn, bó bá sì bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ìyá àgbà kan béèrè bóyá ó máa ń pariwo, ẹnjiníà ní bẹ́ẹ̀ ni, bí òjò bá ń rọ̀. Mo fẹ́ràn èsì yẹn.

Ọ̀rọ̀ igi ló kù. Èèyàn lè gbin ohun tí kò ga sábẹ́ wáyà, ṣùgbọ́n igi gíga kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, torí iná lè fò bọ́ sára rẹ̀ láìfara kan wáyà. Lórí máàpù wọn, "igbó" ni wọ́n kọ síbi tí àwọn igi bàbá yín wà. Igbó kẹ̀? Ọwọ́ ara wọn ni bàbá fi gbìn wọ́n, èmi àti ìwọ la jọ ń pọnmi sí i! Bí òpó méjì bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà, wọn ò ní gé ọ̀kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní onílẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́.

Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa dáwọ́ ìwé gbígbà dúró. Kọ tìrẹ: iye igi tó wà níbẹ̀, ọdún tí bàbá gbìn wọ́n, ibi tó o fẹ́ kí òpó sún sí. Fi ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi á gbé e lọ, n ó sì gba rìsíìtì pé ó dọ́wọ́ wọn.

Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́