Ìdí tí wọ́n fi ń ti àwọn Kádínà mọ́lé

Mutiu ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? O béèrè ìdí tí àwọn Kátólíìkì fi ń ti àwọn Kádínà, ìyẹn àwọn àgbà ìjọ tó ń dìbò yan Póòpù, mọ́lé kí wọ́n tó yàn án, nígbà tó jẹ́ pé ojú gbogbo ayé la ti ń fi Ìmáàmù jẹ.

Wàhálà ìlú Viterbo ní Ítálì ló fà á. Póòpù kú níbẹ̀ lọ́dún 1268, àwọn Kádínà kò sì fẹnu kò títí di 1271. Àwọn ará ìlú ló ká wọn mọ́lé, tí wọ́n sì dín oúnjẹ wọn kù. Gregory Kẹwàá tí wọ́n padà yàn ló sọ ọ́ di òfin ní 1274.

Ní oṣù karùn-ún 2025, Kádínà 133 ló wọlé láti yan Póòpù. Kádínà tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún kí àga Póòpù tó ṣófo kò lè dìbò mọ́. Póòpù Paul Kẹfà ló kọ́kọ́ ṣe òfin ọgọ́rin ọdún ní 1970. Ìdí nìyẹn tí Kádínà John Onaiyekan, ọmọ Kábà, tó dìbò ní 2013, kò fi bá wọn wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdìbò gan-an ló wù mí kí o mọ̀ dáadáa. Kádínà á kọ orúkọ sórí ìwé pélébé, ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní dá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀. Á ká a, á gbé e sókè kí gbogbo ojú rí i, á búra níwájú pẹpẹ, á gbé e lé àwo, á sì dà á sínú ìkòkò ìbò. Wọ́n á kọ́kọ́ ka iye ìwé láìṣí i. Bí kò bá bá iye olùdìbò mu, wọ́n á sun gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un dì lójú ẹsẹ̀. Bó bá pé, ẹni mẹ́ta ló ń ṣí i: ẹni kẹta ló ń ka orúkọ sókè, tó sì ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún ìwé náà, kí wọ́n lè pa àwọn ìwé náà mọ́ dáadáa. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n ń wá, ìyẹn 89 nínú 133. Ìbò kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mẹ́rin lójúmọ́ lẹ́yìn náà. Ìbò kẹrin ló gbé Leo Kẹrìnlá wọlé.

Gbogbo ìṣọ́ra yìí tọ́ lójú mi. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan nínú ìjọ tó lè dá Póòpù lẹ́jọ́, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́, àyàfi kó fúnra rẹ̀ fi oyè náà sílẹ̀ bí Benedict Kẹrìndínlógún ṣe ṣe ní 2013. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìkan ni ààbò wà.

Tiyín yàtọ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ Kùránì ló ń gbé Ìmáàmù síwájú, ìjọ tó yàn án sì lè yọ ọ́. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ nílẹ̀ wa ni ìlú tí oyè náà jẹ́ ti ìdílé: bí ilé méjì bá ń du ú, ọ̀rọ̀ lè dé kóòtù.

Àwọn Júù kò tilẹ̀ nílò rábì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, kí wọ́n tó kírun. Ọkùnrin mẹ́wàá tó ti bàlágà ti tó lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́. Ẹ̀kọ́ òfin ni rábì fi ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rábì mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rábì ni àwọn olórí rábì ní Ísírẹ́lì ń kà sí rábì, ẹni tó sì ti ọwọ́ irú rábì bẹ́ẹ̀ di Júù lè dé ibẹ̀ kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní Júù. Ìyẹn dùn mí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíràn tí o bá ń wo èéfín tí wọ́n fi ń kéde àbájáde ìbò lórí tẹlifíṣọ̀n, dúró gbọ́ agogo. Ní 1958, àwọ̀ èéfín náà da àwọn èèyàn láàmú. Nísinsìnyí, bí funfun, tó fi hàn pé wọ́n ti yan Póòpù, bá jáde, agogo á dún tẹ̀lé e.

Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Fẹ́mi