Ìtàn tó bá ti ṣèlérí, ẹ jẹ́ kó parí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà bàbá tó kọ̀wé sí yín láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ánímè, ìyẹn kàtúùnù tí àwọn ará Japan ń ṣe, kò yẹ kó lópin níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì ń wò ó, àti pé bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dùn sí i. Àgbà ni wọ́n, mo júbà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ ń jókòó ti ánímè. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ gígùn yìí, èmi àti bàbá kò lè fohùn ṣọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ ìdí rẹ̀.

Onídìrí ni mí ní Mákùn, Ṣágámù. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ánímè ló sì máa ń wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Oníbàárà tó bá fẹ́ dì wẹ́wẹ́ pẹ̀lú átáṣímẹ́ǹtì á jókòó bíi wákàtí márùn-ún kí n tó ki ìdí irun rẹ̀ bọ omi gbígbóná. Apá ánímè kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀, apá 12 ni orí kan. Lọ́hùn-ún ní Japan, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín ọdún tẹlifíṣọ̀n sí, apá 12 tàbí 13 ló sì máa ń wà nínú sáà kan. Ohun tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta wò, orí kan ni lọ́dọ̀ mi.

Èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ la máa ń wò. Ojú mi ní láti wà lára ìlà kí irun má baà wọ́, etí nìkan ló ráyè. Ẹni tó bá sì ń fi etí gbọ́ ìtàn tètè máa ń mọ̀ bí ìtàn bá dúró sójú kan. Àwòrán lè tan ojú, àmọ́ etí ń gbọ́ pé igbe kan náà ni wọ́n ṣì ń ké, pé ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n tún ń sọ lónìí.

Ẹ wo Dragon Ball Z. Nígbà tí Goku, akọni eré náà, àti Frieza, ọ̀tá rẹ̀, ń jà lórí ayé kan tó ń jẹ́ Namek, Frieza fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù kí ayé náà bú gbàmù. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gba apá lórí apá. Mo ti dì láti ìpàkọ́ dé àárín orí, Namek ò tíì bú. Apá 291 ni gbogbo eré náà, láti 1989 sí 1996. Àwọn tó ṣe é, Toei Animation, mọ ohun tí wọ́n ṣe, torí ní ọdún 2009 wọ́n padà wá gé e kúrú, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí kò sí nínú ìwé Akira Toriyama, ẹni tó kọ ìtàn náà, kúrò, wọ́n sì pe tuntun náà ní Dragon Ball Kai. Bí gígùn bá jẹ́ adùn bí bàbá ṣe sọ, kí ló dé tí ẹni tó se ọbẹ̀ tún fi ń sẹ́ omi rẹ̀ kúrò?

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé inú manga, ìwé àwòrán ìtàn, ni púpọ̀ nínú ánímè ti ń wá. Orí ìwé kan ni òǹkọ̀wé máa ń kọ lọ́sẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n lè jẹ orí méjì tàbí mẹ́ta tán nínú apá kan ṣoṣo. Kò ní pẹ́ tí ánímè á fi lé ìwé bá, tí kò sì ní sí ìtàn mọ́. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò bá sì fẹ́ kí àyè ọ̀sẹ̀ yẹn ṣófo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi lu ìtàn. Naruto ni mo mọ̀ tó jìyà ọ̀ràn yìí jù. Nínú Naruto àkọ́kọ́, tó jẹ́ apá 220, láti 2002 sí 2007, Sasuke, ọ̀rẹ́ Naruto, kúrò nílé, Sakura, ọ̀rẹ́ wọn, ń sunkún, Naruto sì ṣèlérí fún Sakura pé òun á mú Sasuke padà wá. Ìlérí ńlá ni. Láti apá 136, ìtàn mìíràn tí kò sí nínú ìwé Masashi Kishimoto ló gba ilẹ̀, ó lé ní ọgọ́rin apá. Wọ́n ń jíṣẹ́ lọ síbí, wọ́n ń jíṣẹ́ lọ sọ́hùn-ún. Ọmọ ilé ìwé kan tó máa ń wá dirun lọ́dọ̀ mi bí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí bó bá ti jókòó: “Àǹtí, Sasuke ńkọ́?” Kí ni mo fẹ́ dá a lóhùn? Ọmọ yẹn ń retí ohun tí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn ṣèlérí fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyẹn. Ìtàn tó bá ti ṣèlérí gbọ́dọ̀ san án, kó sì san án lásìkò. Èyí tí kò bá ṣèlérí kankan lè máa lọ bó ṣe wù ú. Sazae-san bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, alaalẹ́ Sunday ni wọ́n ń gbé e jáde ní Japan títí dòní, kò sì sí kàtúùnù tẹlifíṣọ̀n mìíràn lágbàáyé tó tíì pẹ́ tó o. Ìtàn kéékèèké mẹ́ta ló máa ń wà nínú apá kan, ti ìdílé kan, ọmọ ibẹ̀ kì í dàgbà, àgbà ibẹ̀ kì í darúgbó. Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní ń parí lálẹ́ òní. Irú èyí, mo fara mọ́ bàbá, kó máa lọ títí láé.

Bàbá dárúkọ One Piece, ìtàn àwọn ajalèlókun, bí ẹ̀rí wọn. N kò bínú sí gígùn One Piece. Láti 1997 ni Eiichiro Oda ti ń kọ ọ́, ìtàn rẹ̀ gùn láti ìpìlẹ̀, òkun tó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sí fẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń fà á. Láti oṣù Kẹwàá 1999 ni ánímè rẹ̀ ti ń jáde, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti lé ní 1,100 apá, ìgbà kan sì wà tí apá kan kì í kọjá orí ìwé kan, tí àtúnsọ tọ̀sẹ̀ tó kọjá á gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ni Toei wá kéde pé láti 2026, àwọn á máa sinmi láàárín, àwọn kò sì ní ṣe ju apá 26 lọ lọ́dún. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́. Ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é tipẹ́.

Mo yọ̀ nítorí àwọn tó ń yàwòrán pẹ̀lú. Ìka ni mo fi ń jẹun, mo mọ bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń rí bí oníbàárà mẹ́ta bá tò tẹ̀ léra. Nígbà tí Osamu Tezuka, ayàwòrán Japan kan, gbé ánímè rẹ̀ Astro Boy sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kìíní 1963, owó tí kò tó iṣẹ́ náà ló gbà, ó sì ní láti dín iye àwòrán kù kó lè máa bá ọ̀sẹ̀ mu. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀sẹ̀ ti ń lé àwọn ayàwòrán Japan kiri lórí owó tí kò tó nǹkan. Bí eré kan bá fún wọn ní àyè láti mí, ó máa ń hàn nínú iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe é dáadáa. Fullmetal Alchemist ti Hiromu Arakawa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é. Ti àkọ́kọ́, 2003 sí 2004, apá 51, ṣáájú ìwé, wọ́n sì fi òpin ara wọn sí i. Nígbà tí ìwé ku díẹ̀ kó parí, wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ní 2009. Apá 64. Ìwé parí ní oṣù Kẹfà 2010, ánímè parí ní oṣù Keje. Àwọn ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀, Edward àti Alphonse, tí wọ́n gbìyànjú láti jí ìyá wọn tó ti kú dìde. Ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan lọ lára ẹ̀gbọ́n, gbogbo ara àbúrò lọ. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á gba ara wọn padà. Gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ń lọ síbi ìlérí yẹn, kò sí ẹni tó wọlé tí kò níṣẹ́.

Ìyá kan tó ń ta obì ní Sábó wá di ṣùkú lọ́dọ̀ mi, wọ́n sọ fún mi pé àwọn kì í wo kàtúùnù. Mo ń dì, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó dé ibi tí Edward ti rí ohun tó jáde wá dípò ìyá rẹ̀, wọ́n yí orí padà lọ́wọ́ mi, ìlà kan sì já. Wọ́n ní, “Ìyá yẹn, ṣé wọ́n rí i ni?” Ṣùkú kì í pẹ́, a ti parí kí apá tó tẹ̀ lé e tó wọlé, síbẹ̀ wọn ò dìde. Wọ́n fà sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n fi mú iná lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá tún wá, ibi tí wọ́n dé ni wọ́n máa ń ní kí n fi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ti wò ó kọjá ibẹ̀. Wọ́n wò ó parí. Ta ni màá fún ní apá 500 Naruto Shippuden, ìtẹ̀síwájú Naruto, kó wò ó parí báyìí, pẹ̀lú iye tí dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́?

Bàbá sọ pé èyí tó bá kúrú, a máa ń gbàgbé rẹ̀. Rárá o. Apá 26 ni Cowboy Bebop, láti 1998 ni. Apá 37 ni Death Note. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń jiyàn lórí Death Note títí dòní. Èyí tó máa ń dun èèyàn ni èyí tí wọ́n gé láàárín, bí Bleach, tó dúró ní apá 366 ní 2012 tí òpin ìtàn kò sì padà sórí tẹlifíṣọ̀n títí di oṣù Kẹwàá 2022. Tèmi ni pé kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó gbéra. Bí ẹ bá ní kí n dá iye kan, apá 26 tó ìtàn kékeré, apá 64 tó èyí tó tóbi. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ṣe é ní sáà sáà, kí wọ́n máa sinmi, kí a máa retí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, Olóòtú. Ojú ìwé eré yín máa ń sọ ìtàn ánímè fún wa àti ẹni tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi iye apá rẹ̀ kún un, kí ẹ sì sọ fún wa bóyá ó ti parí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onídìrí,
Mákùn, Ṣágámù.