Ìdí tí a kì í fi í kun abẹ́ píkọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Àgbádárìgì, Ajárá, Mọ̀wó, títí dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ kú òjò o.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó tó ẹni mẹ́rin tó ti fi ìbínú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ohun kan náà ni gbogbo wọn bá wá: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, wọ́n rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti ń pọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí a fi ọ̀dà dúdú kùn ún wéré kí wọ́n lè fi kó ẹrù. Nígbà tí a ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan ní a fẹ́ fi ọgbọ́n gba owó òun. Ẹlòmíràn ní òun mọ ibi tí wọ́n á ti bá òun kùn ún láàárín wákàtí kan. Kò purọ́, ibẹ̀ wà. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ wákàtí kan yẹn rí, òun ló sì mú mi kọ ìwé yìí.

Bàbá kan tó ń kó àgbọn lọ sí Èkó ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá nígbà náà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, mo da kólítà bò ó, ó ń dán bíi pé òní ni wọ́n ṣe é. Bàbá dúpẹ́, wọ́n tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lówó omi. Kò pé ọdún kan tí ọkọ̀ ẹlòmíràn fi wọ́ ọ padà wá. Ṣásì, egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ti já lókè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ibi ìkẹ́rù wọlẹ̀, iwájú gbójú sókè. Kólítà tí mo kùn ṣì wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ sán. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò sí mọ́. Mo fi ìka gún un, ìka wọlé. Bàbá ò bá mi jà, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ibi tí wàhálà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí wa. Ní àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, bí ìgbà òtútù bá dé, yìnyín a bo títì, táyà ò ní lè di ilẹ̀ mú. Àwọn ìjọba ibẹ̀ a wá máa fi ọkọ̀ ńlá fọ́n iyọ̀ sójú ọ̀nà. Iyọ̀ kan náà tí à ń sè sọ́bẹ̀ ni, àfi pé tiwọn kò mọ́ tó tiwa; lábẹ́ ìlú Detroit tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò gan-an, ibi ìwakùsà iyọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Omi lásán máa ń dì ní 0 Sẹ́ńtígíréèdì, ṣùgbọ́n èyí tí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀ kì í tètè dì. Ẹni tó bá ti wọ́n iyọ̀ sórí áìsì inú kúlà rí mọ bó ṣe máa ń yọ́. Bí òtútù bá wá kọjá nǹkan bí 9 nísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Wọ́n a lo oríṣi mìíràn, calcium chloride tàbí magnesium chloride, tí wọ́n ti pò mọ́ omi. Ìyẹn le fún irin ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kì í fẹ́ gbẹ: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Táyà a ta gbogbo rẹ̀ sókè sí abẹ́ ọkọ̀, a wọ inú ṣásì gba àwọn ihò ara rẹ̀, a sì jókòó síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé iyọ̀ ló ń jẹ irin. Rárá o. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Alágbàtà ni iyọ̀. Ẹ mọ bí alágbàtà ṣe ń ṣe lọ́jà: kò rà, kò tà, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ọjà tètè yá láàárín ẹni méjì, bí ti òní bá sì parí, ẹ ó tún bá a níbi tó dúró sí lánàá. Omi oníyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná kékeré rìn geere lójú irin, òun ló ń mú ìpẹtà yára. Iyọ̀ náà kì í sì í dín kù. Èyí tó wọ inú ṣásì ní Ohio wà níbẹ̀ títí omi tí kò níyọ̀ yóò fi ṣàn án jáde.

Ohun tó tún burú ni pé nínú òtútù, ìpẹtà kì í yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé iyọ̀ náà ń tòògbé. Ẹ wá gbé ọkọ̀ náà sọdá òkun, ó sọ̀ ní èbúté Tin Can, ẹ gbé e gba ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì wálé, sínú ooru àti ọ̀rinrin. Ó jí nìyẹn. Ẹ wo iyọ̀ inú ike nílé ìdáná yín ní oṣù Òkúdu, bó ṣe ń ṣomi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe nínú ṣásì. Bí ẹ bá wá kun ọ̀dà bò ó, olè ni ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ sínú ilé.

Kì í ṣe ọkọ̀ jákujàku nìkan ló ń ṣe. Ní 2008, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé àwọn fi àtìlẹ́yìn ọdún 15 sí ṣásì àwọn píkọ́ọ̀pù Tacoma ọdún 1995 sí 2000 nítorí ìpẹtà. Èyí tí ìpẹtà bá ti dá ihò sí lára, wọ́n lè rà á padà ní ìlọ́po kan ààbọ̀ iye rẹ̀. Ní 2016, wọ́n tún gbà láti yanjú ẹjọ́ mìíràn lórí àwọn Tacoma, Tundra àti Sequoia kan. Wọ́n ní owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Èyí tí kò tíì lu, wọ́n fi oògùn ìpẹtà sí i lára. Èyí tó ti lu, wọ́n pààrọ̀ odidi ṣásì. Wọn ò da kólítà bo ihò.

Ṣásì kọ́ ló ń kó mi láyà sókè jù o. Páìpù bíréèkì ni. Irin tín-ín-rín ni, ó gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìta ni ìpẹtà sì ti ń jẹ ẹ́ wọnú. Ẹ ò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ẹ máa tẹ bíréèkì gidi, tí páìpù máa bẹ́, tí ẹsẹ̀ yín máa wọlé lọ títí dé ilẹ̀. Ní 2015, àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn tí ọkọ̀ wọn jẹ́ ti 2007 sẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ oníyìnyín pé kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ páìpù yìí wò. Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn pọ̀ lójú ọ̀nà wa níbí.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gba orí ilẹ̀ wọlé láti Kùtọnu, kí ìjọba tó fòfin dè é ní 2017, àwa fúnra wa la máa ń bá oníbàárà lọ rọra dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó tó sanwó. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kùn kí ojú yín tó kàn án. Nítorí náà, bí abẹ́ tòkunbọ̀ bá dúdú tó ń dán, ẹ̀rù ni kó bà yín, ẹ má yọ̀. Ẹ mú nọ́ńbà VIN rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí ọmọ yín fi wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbé ní Michigan, Ohio, New York tàbí Ontario, iyọ̀ ti bá a sùn. Texas tàbí Arizona sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ìwé lè parọ́, irin kì í parọ́. Ẹ mú hámà kékeré, ẹ lu ṣásì láti iwájú lọ sẹ́yìn, pàápàá ibi tó tẹ̀ kọrọdọ lókè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ibi tí sípíríǹgì so mọ́. Bó bá dún kọ́ń, kọ́ń, irin wà níbẹ̀. Bó bá dún gbù, tí ìpẹ́pẹ́ pupa ń jábọ́, ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ máa lọ. Fún ara ọkọ̀, òòfà ni kí ẹ mú dání: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, bọ́dì fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ló wà níbẹ̀. Fílà yìí kì í ṣe fìlà tí à ń dé o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń bo orí pípá.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kò rí yìnyín rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òkun wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn àgbà Ògù ti ń se omi rẹ̀ di iyọ̀ kí mọ́tò tó dáyé, atẹ́gùn tó sì ń ti ibẹ̀ fẹ́ ń gbé iyọ̀ náà wọ̀lú lójoojúmọ́. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ lọ sétí òkun, tí ìgbì ń fọ́n sábẹ́ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó ń kó ẹja, omi áìsì àti omi ẹja tó ń ro sílẹ̀ láti ibi ìkẹ́rù, orí ṣásì ló ń ro sí. Ẹ tẹ́ tapólíìnì tó nípọn. Ẹ má sì fi omi kànga tó bá ń mú lẹ́nu bí iyọ̀ fọ ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ó wà nítòsí, ṣùgbọ́n iyọ̀ lẹ ń fi fọ iyọ̀.

Ìdí tí ó fi ń gba ọjọ́ mẹ́ta nìyí. Ọjọ́ kìíní, a ó gbé ọkọ̀ sókè, a ó fi omi bóhóòlù tó ní agbára fọ abẹ́ rẹ̀, a ó ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú ihò ṣásì títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ kedere. (Ọmọ iṣẹ́ mi kan máa ń fi ahọ́n tọ́ omi náà wò bóyá iyọ̀ ti tán. Mo ti ní kó jáwọ́.) A ó ṣí àwọn ihò tí ẹrẹ̀ ti dí lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Òru ọjọ́ náà àti àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbígbẹ ni. Ibi tí oòrùn ò dé, kọ̀npúrẹ́sọ̀ a dé ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni, ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà la ó ha ìpẹ́pẹ́ kúrò dé ojú irin. Ibi tó ti lu, a ó gé e títí a ó fi kan irin tó lágbára kí a tó jó tuntun mọ́ ọn. A ó fi oògùn tó ní ásíìdì phosphoric pa ibi tó pupa, yóò di dúdú. Red oxide, ọ̀dà àkọ́kùn tó ń dènà ìpẹtà, ló tẹ̀lé e, kí ọ̀dà tó bò ó. Inú ṣásì tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, epo ni a ń fọ́n síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n yọ lára irun àgùntàn, ọdọọdún la sì ń tún un fọ́n kí òjò tó dé.

Àwọn awakọ̀ àgbà máa ń bi mí pé ọ́ìlì kọ̀ndẹ́mù ńkọ́. Mi ò ní purọ́, ó ń dá ìpẹtà dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wú rọ́bà, ó ń ro sílẹ̀ níbi tí kànga wà, kò sì dára fún ara ẹni tó ń fi ọwọ́ kàn án. A kì í lò ó níbí.

Bí a bá yẹ ọkọ̀ yín wò tí ṣásì ti kọjá àtúnṣe, a ó sọ fún yín, a ò sì ní gba kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló dára jù láti gbé e wá. Ẹ má fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wá, a fẹ́ rí i bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo ẹja kúrò nínú rẹ̀.