Spleen àbúrò ẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí mẹ́sééjì ẹ lálẹ́ àná, oorun ò kùn mí mọ́. O ní wọ́n ya CT scan (àwòrán inú ara) fún àbúrò ẹ, wọ́n rí i pé apá kan nínú spleen ẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà òsì, ti kú, wọ́n wá fún un lóògùn ìrora pé kó máa lọlé. Jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ o.

Ó ṣe Mọ́mì mi náà rí. Ìrora mú wọn lójijì lábẹ́ egungun ìhà òsì, ó gùn dé èjìká, wọ́n ń bì, gbogbo wa sì ń sọ pé ulcer ni, ọjọ́ méjì gbáko la fi ń fún wọn lóògùn ulcer. Àfi ìgbà tí wọ́n yàwòrán inú wọn tí wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ojú ọ̀nà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ nínú spleen ló kú yẹn. Dókítà kan ló ṣáà ń béèrè pé níbo ni ẹ̀jẹ̀ dídì ọ̀hún ti wá, ló bá ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, fún wọn, àṣé ọkàn wọn ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ ń dì síbẹ̀, ó ń já lọ. Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló gbà lọ ńkọ́? Stroke nìyẹn.

Ti àbúrò ẹ lè yàtọ̀ torí ọmọdé ni. Kí ni jẹ́nótáìpù ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ SS, ìyẹn àwọn tó ní sickle cell, spleen wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ kí wọ́n tó pé ọdún 5. Wọ́n máa ń sọ pé AS ò ní wàhálà, àmọ́ tí ẹni AS bá gun òkè gíga tí afẹ́fẹ́ ò ti tó, spleen ẹ̀ lè kàgbákò, ìwọ náà lo sì sọ fún mi pé àìpẹ́ yìí ló lọ gun òkè ńlá yẹn! Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀ wò, pàápàá tí ibà bá wà níbẹ̀, torí kòkòrò àrùn lè jẹ fáàfù ọkàn, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn. Ibà malaria náà lè fà á, àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń mú spleen wú, àti ẹ̀jẹ̀ tó máa ń tètè dì.

Tára ẹ̀ bá gbóná, tàbí tí inú ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gan-an tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ o, torí ó lè gbọyún tàbí kó bẹ́. Pè mí tí ẹ bá ti rí dókítà, aago yòówù kó jẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ