Ó ń ta ayò, egungun ń ro ó

Ọ̀gá olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Aránṣọ ni mí, mo sì bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọdún 11. Ìgbáròkó ọ̀tún ń ro ó. Kì í ṣe ìrora tí í wá tí í lọ, ojoojúmọ́ ni.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó le lóru ọjọ́ kan, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ilẹ̀ mọ́ kó tó kàn wá. Ọmọ ń ta ayò lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì wò ó títí, ó ní, "Ìyá, ẹni tí nǹkan ń dùn kì í ráyè ta ayò. Ilé ìwé ni kò fẹ́ lọ." Parasitamọ́ọ̀lù mẹ́rin ló kó lé mi lọ́wọ́.

Ọmọ mi ò ta ayò torí àtiborí ẹnìkan o. Ó ń kà á ni: mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò méjìlá, títí yóò fi pé 48, yóò kó gbogbo ẹ̀ jọ, yóò tún un pín. Ìyá mi ló kọ́ ọ, kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò lára egungun. Bó bá le gan-an, yóò tẹ àtàǹpàkò òsì mọ́ etí ọpọ́n títí èékánná yóò fi funfun. Ibẹ̀ lèmi máa ń wò. Ẹkún ti tán lójú ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SC, oríṣi àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde kan. AS ni mí, AC ni bàbá rẹ̀. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fẹ́ra wa, wọ́n ní kò sí AS méjì níbẹ̀, kí a máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ C kò wọ́n nílẹ̀ wa rárá! Gbogbo oyún tí irú èmi àti ọkọ mi bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SC. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún a máa tẹ̀ bí dòjé, a dí iṣan tínínrín pa. Wọ́n ní SC kì í le tó SS. Fún ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí wọ́n yà ní Kútọnu fi hàn pé orí egungun itan ọmọ mi ti ń kú. A gba Pọ̀bẹ̀, a gba Ṣákẹ́tẹ́, a gba Àjàṣẹ́ kí a tó débẹ̀, ìrọ̀rí lábẹ́ ìdí rẹ̀.

Níbẹ̀ ni dókítà ti fún un ní ìwé kan tí wọ́n ya ojú ènìyàn mẹ́fà sí láti fi wọn ìrora, àkọ́kọ́ tutù pẹ̀sẹ̀, ìkẹfà ti fún pọ̀. Ó ní, "Èwo ni tìẹ lónìí?" Ọmọ fi ìka lé ìkarùn-ún, kò sunkún. Dókítà ò bá a jiyàn. Ó kọ oògùn, ó kọ ìdárayá fún itan náà, ó sì ní kí ẹnìkan máa bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rù tó ń bà á lóru. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 lórí ìrora ọmọdé tí kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ìwé olójú mẹ́fà yẹn, iye tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkópì ni. Kí ló dé tí kò sí lára ògiri níbí? Kí wọ́n sì kọ oògùn tó ń bá ọmọ lára mu sínú káàné (ìwé ìtọ́jú) rẹ̀, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru má tún máa bi í bóyá irọ́ ló ń pa. (Tíṣà rẹ̀ ṣeun: ó ń jẹ́ kó mumi, kó sì jáde lọ tọ̀ nígbàkígbà, láìsí pé mo bẹ̀ ẹ́.)

Mo ti rí ìyá mẹ́ta míì tí ọmọ wọn ń jẹ irú ìyà yìí. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, a ń sọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn jẹ wá lówó gbé. Àyè ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.

Èmi ni,
Aránṣọ kan ní Kétu